Ọgbà ẹ̀yìnkùlé mi láàárín ọyẹ́ méjì

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún o. Bí mo bá ní kí n ṣírò ọdún 2025, ẹ̀yìnkùlé mi ní Akóbọ̀, n'Ìbàdàn níbí, ni n óò ti bẹ̀rẹ̀. Ọyẹ́ ni mo bá wọ ọdún, ọyẹ́ náà ni mo sì fẹ́ bá jáde. Ti àkọ́kọ́ pa gbogbo ohun tí mo gbìn. Ti èkejì ń jà lọ́wọ́ báyìí, ẹ̀fọ́ mi sì wà lórí ìdúró.

Ní oṣù kìíní, ebè mẹ́fà ni mo ní: tẹ̀tẹ̀, ṣọkọ, ewédú, ilá, tòmátì àti ata rodo. Kànga wa fà débi pé ẹrẹ̀ ni korobá ń gbé bọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ra omi oníkẹ́ẹ̀gì, mo ń da garawa mẹ́wàá síbẹ̀ láàárọ̀, mẹ́wàá nírọ̀lẹ́, síbẹ̀ ewé ń ká kò. Lọ́jọ́ kan mo fi igi gbẹ́ ìdí tòmátì kan wò. Òkè ilẹ̀ tutù dé ìwọ̀n eékánná, ìsàlẹ̀ ibẹ̀ gbẹ fúrúfúrú bí èlùbọ́. Oòrùn àti afẹ́fẹ́ ni mo ń fún lómi láti ọjọ́ yìí. Nígbà tí koríko àdúgbò gbẹ tán, àwọn ọmọ tata dúdú kéékèèké rìn lọ́wọ̀ọ́wọ́ wá jẹ ìyókù.

Ti ewédú ló dùn mí jù. Kò tíì ga ju ìka ọwọ́ lọ tó ti ń tanná. Mo gba ọjà Bódìjà lọ bá ìyá tó ta irúgbìn fún mi, mo sì sọ ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kí n sọ sí àgbàlagbà: mo ní irúgbìn ògbólógbòó ló kó fún mi. Kò fèsì. Ó kàn wò mí.

Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà ni mo tó mọ̀ pé kò jẹ̀bi. Ewédú máa ń ka ọ̀sán, ìyẹn iye wákàtí tí ilẹ̀ fi ń mọ́lẹ̀ lójúmọ́. Lásìkò ọyẹ́, ọ̀sán Ìbàdàn kì í pé wákàtí 12. Ní oṣù kẹfà, ó máa ń tó nǹkan bíi wákàtí 12 ààbọ̀. Lójú èèyàn, ìyẹn ò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ọ̀sán bá ti kúrú bíi ti àsìkò ọyẹ́, ewédú á sáré tanná kó lè so, kò ní dúró pa ewé. Ilá àti ṣọkọ náà ní irú ìwà yẹn. Mo padà lọ bá màmá náà, mo kúnlẹ̀. “Ẹ má bínú sí mi, Mà.” Ó ní, “Dìde, ọmọ mi. Ewédú ẹ̀ẹ̀rùn, a kì í gé e pé kó tún rú. Fọ́n ọn kó pọ̀, fà á tu tigbòǹgbò-tigbòǹgbò kó tó tanná, kí o tún fọ́n òmíràn.” Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe lọ́dún yìí, inú mi dùn sí ìkúnlẹ̀ yẹn.

Òjò dé, ẹ̀fọ́ ṣe dáadáa, a jẹ, a fún ará ilé. Ìyẹn ò gba àlàyé.

Ní oṣù kẹwàá, àbúrò mi obìnrin tó wà ní Kánádà pè mí. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ri ááyù mọ́lẹ̀ ni, ó ń kó koríko gbígbẹ bò ó kí yìnyín tó já. Abẹ́ yìnyín ni ááyù náà máa wà títí òtútù á fi lọ, oṣù keje ló máa wú u. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ ni mò ń bò láṣọ.” Ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò lọ́kàn mi.

Mo dín ebè mi kù sí méjì. Mo kó koríko gbígbẹ àti èèpo ẹ̀pà bò wọ́n, mo bu eérú yí i ká nítorí ikán. Mo fi imọ̀ ọ̀pẹ ṣe ọgbà sí apá àríwá, níbi tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ti ń fẹ́ wá. Lẹ́yìn náà ni mo wọ yàrá ìkẹ́rù, mo gbé àmù Màámi jáde.

Ẹni tó bá ti fọwọ́ kan ara àmù rí mọ̀ pé ó máa ń làágùn. Òógùn yẹn ni mo fẹ́. Mo ri í mọ́ àárín ebè títí dé ọrùn, mo pọn omi kún un, mo fi àwo dé e, mo wá lọ́ tòmátì àti ata yí i ká. Ilẹ̀ tó bá gbẹ á máa fa omi láti ara amọ̀ náà. Bí ó bá ti tutù tó, kò ní fà á mọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rọra gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ wò. Gbòǹgbò tín-ín-rín bí irun ti hun mọ́ ara ìkòkò náà, ó dì mọ́ ọn bí ọmọ ṣe ń dì mọ́ ẹ̀yìn ìyá. Omi bọ́ lójú mi níbẹ̀. Àmù yẹn kan náà ni Màámi máa ń bu omi fún wa mu nínú rẹ̀ bí a bá ti ilé ìwé dé.

Ilá mẹ́ta kú nínú mẹ́jọ. Mo ti já ṣọkọ lẹ́ẹ̀mẹrin láti oṣù kọkànlá, ata rodo sì ti ń pọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́ta ni mò ń pọn omi sí àmù. Mo ṣí i wò láàárọ̀ yìí, omi inú rẹ̀ ò ju kóńgò kan lọ mọ́. Ẹ jẹ́ kí n lọ pọn omi kí oòrùn tó là.