Ṣé kò sí wèrè nílé wọn?

Ọjọ́ Àbámẹ́ta. Òjò látàárọ̀. Mo ra iṣu méjì ní Woolwich, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, mo gbàgbé epo pupa tí mo torí ẹ̀ jáde nílé. Aṣọ tí mo fọ̀ ṣì wà nínú ẹ̀rọ.

Obìnrin kan ló wà níwájú mi nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù bí ẹni pé òun nìkan ló wà níbẹ̀. Ó jọ pé ọ̀rọ̀ àna ni. Ó ní, "Mo gbọ́ pé lọ́yà ni, mo gbọ́ pé ó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé kò sí wèrè nílé wọn ṣá?" Ó sì kọjú sí ẹni tó ń tajà: "Ẹ bá mi gé ṣàkì yẹn wẹ́wẹ́."

Ilẹ̀ ti ṣú báyìí, gbólóhùn yẹn ò tíì kúrò létí mi.

Inú kọ́kọ́ bí mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀dí ẹ̀, ẹ mọ̀ ọ́n. Àfi ìgbà tí bọ́ọ̀sì 54 gbé mi dé Blackheath tí mo rí pápá yẹn nínú òjò, tí mo wá bi ara mi pé kí gan-an lèmi náà ti ń ṣe láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọkùnrin kan, Montague Druitt, àti ìdílé ẹ̀ ni mo ń wádìí. Lọ́yà lòun náà. Blackheath níbí ló ti ń ṣe olùkọ́ títí wọ́n fi lé e lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dún 1888. Ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún náà ni wọ́n fa òkú ẹ̀ jáde nínú odò Thames ní Chiswick, òkúta kún àpò ẹ̀. Ẹni ọdún 31 ni. Ìgbà tó yá ni wọ́n wá ka orúkọ ẹ̀ mọ́ ti àwọn tí wọ́n fura sí pé àwọn ni Jack the Ripper, apànìyàn tó pa àwọn obìnrin ní Whitechapel, ní Lọ́ńdọ̀nù, lọ́dún 1888 yẹn.

Ẹ wá wo ìwé tó wà lórí tábìlì mi. Ìyá ẹ̀, Ann: orí ẹ̀ dàrú lóṣù Keje 1888, wọ́n gbé e lọ sílé ìtọ́jú. Ìyá ìyá ẹ̀: ó pa ara ẹ̀. Mo fi bírò pupa fàlà sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Inú mi ń dùn bí mo ṣe ń fà á, mo tiẹ̀ ń mu tíì lé e. Kí ni ìyàtọ̀ èmi àti obìnrin oníṣàkì?

Ó kúkú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè. Wọn kì í ṣàdédé fọmọ fún èèyàn. Màmá mi náà béèrè nígbà tiwa, kò sì sẹ́ni tó bínú.

Rárá, inú ṣì ń bí mi.

Ọ̀gá ọlọ́pàá kan, Macnaghten, ló kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́dún 1894 pé látinú ohun tí òun gbọ́ ní bòókẹ́lẹ́, àwọn ará ilé Druitt gan-an gbà pé òun ni apànìyàn náà. Ọdún 1889 ni Macnaghten ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ iṣẹ́ ọlọ́pàá o, lẹ́yìn tí ẹni tó kú ti kú tán. Ó tún kọ ọ́ pé wọ́n ní dókítà ni. Bàbá ẹ̀ ni dókítà! Arákùnrin bàbá ẹ̀ náà, dókítà. Iṣẹ́ ìdílé ẹ̀ ni wọ́n wọ̀ sí i lọ́rùn bí agbádá.

Òwúrọ̀ tí wọ́n pa Annie Chapman, ọ̀kan nínú àwọn obìnrin yẹn, ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án, Druitt ń gbá kíríkẹ́ẹ̀tì ní Blackheath kó tó di ọ̀sán. Ìyẹn ò dá a láre, ọkọ̀ ojú irin ti wà nígbà náà tó lè gbé e dé ibẹ̀ láti Whitechapel. (Mi ò tiẹ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń ka àmì ayò yẹn.)

Ohun tó ń dà mí láàmú ni ti ẹ̀gbọ́n ẹ̀, William. Ìwé ìròyìn ìgbà náà ní, níwájú àwọn tó ń wádìí ikú náà, ó sọ pé yàtọ̀ sí òun àti ìyá wọn, àbúrò òun ò ní ìbátan mìíràn. Ọmọ méje ni bàbá wọn bí! Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo kọ "òpùrọ́" sẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ẹ̀. Lónìí, mo ń wo ọ̀rọ̀ yẹn, mo rántí ohun tí mo máa ń sọ bí wọ́n bá bi mí pé àwa mélòó ni màmá wa bí. Mẹ́ta, ni mo máa ń wí. Ẹnu mi kì í gbọ̀n.

William ló rí ìwé tí àbúrò ẹ̀ kọ sílẹ̀ kó tó kú. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé láti ọjọ́ Ẹtì ló ti ń ṣe òun bíi pé òun máa dà bíi màmá. Ìbéèrè inú ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ni, ara ẹ̀ ló kàn ń bi.

Mo ti fi rọ́bà ìpàwérẹ́ pa "òpùrọ́" yẹn rẹ́, ìyẹn ni pé mo gbìyànjú, bírò ò ṣeé parẹ́. Ó ti ya ìwé náà.

Mẹ́rin ni wá. Ó yẹ kí n pe ìkẹrin wa yẹn lálẹ́ yìí, ó máa ń fẹ́ràn kí n... Ẹ jẹ́ kí n lọ kó aṣọ yẹn jáde ná, ó ti ń rùn.