Ẹ Jẹ́ Kí Màmá Ki Apá Bọ Aṣọ Fúnra Wọn

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nílé ìtọ́jú àgbàlagbà ní England, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi.

Wọ́n tọ́ wa dáadáa nílé. Bí àgbà bá dìde láti gbé nǹkan, a ó sáré gbà á: "Ẹ fi sílẹ̀, mà, mo ti dé." Ìwà ọmọlúàbí ni, àmọ́ nínú iṣẹ́ yìí ó lè di ìpalára. Màmá tó ṣì lè ki apá kan bọ aṣọ fúnra wọn, tí à ń bá ki méjèèjì bọ̀ ọ́ láràárọ̀ torí ìkánjú, kò ní pẹ́ tí apá náà á fi bẹ̀rẹ̀ sí í gan. Ẹ mú búláòsì méjì sókè níwájú wọn, kí ẹ sì dúró. Kódà ẹni tí iyè rẹ̀ ti ń ra lè nawọ́ sí èyí tó wù ú.

Lọ́dún 1976, Ellen Langer àti Judith Rodin, àwọn onímọ̀ nípa ìrònú àti ìhùwàsí ẹ̀dá, gbé ìwádìí kan jáde láti ilé ìtọ́jú kan ní Connecticut, l'Amẹ́ríkà. Àwọn àgbà tó ń gbé àjà kan nínú ilé náà fọwọ́ ara wọn yan òdòdó, wọ́n sì ń bomi rin ín. Wọ́n yan alẹ́ tí wọ́n fẹ́ wo fíìmù. Àwọn àjà kejì náà gba òdòdó, àmọ́ nọ́ọ̀sì ló ń bá wọn bomi rin ín. Ara àwọn tàkọ́kọ́ ló yá gágá jù.

Òfin pẹ̀lú wà. Mental Capacity Act ti ọdún 2005 ní kí a gbà pé àgbà lè pinnu ọ̀rọ̀ ara rẹ̀, àyàfi tí ẹ̀rí bá fi hàn pé kò lè ṣe é. Pé ìpinnu kan kò bọ́gbọ́n mu lójú wa kì í ṣe ẹ̀rí. Bàbá tó ní ìtọ̀ súgà, tí orí wọn pé, tí wọ́n ní kéèkì làwọn fẹ́ jẹ, a kì í jágbe mọ́ wọn bí ọmọdé. Ẹ ṣàlàyé ewu rẹ̀, ẹ sọ fún nọ́ọ̀sì, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnu tiwọn ni.

Orúkọ ńkọ́? Ẹ bi wọ́n. Òyìnbó tó ní kí ẹ pe òun ní Margaret, ẹ pè é bẹ́ẹ̀. Ìyá Yorùbá tó wà ní yàrá kejì lè má gbà kí ọmọ kékeré la orúkọ mọ́ òun lórí.

Mo mọ̀ pé àkókò kì í tó. Torí náà, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́jú wọn: apá tó ṣì ń ṣiṣẹ́, iye súgà tí wọ́n ń fi sí tíì, bóyá alẹ́ ni wọ́n fẹ́ràn láti wẹ̀, kí ẹni tó ń bọ̀ wá gbaṣẹ́ má baà máa méfò.