Kí Ọlọ́pàá Tó Kọ Ọ̀rọ̀ Ẹnu Yín Sílẹ̀

Nínú iṣẹ́ agbẹjọ́rò tí mò ń ṣe ní Ìbàdàn, ìbéèrè kan wà tí kì í tán lẹ́nu àwọn ẹbí afurasí: "Lọ́yà, bí ọmọ wa ò bá mọwọ́mẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, kí ló tún fẹ́ fi yín ṣe ní téṣàn? Ẹ jẹ́ kó lọ ṣàlàyé ara rẹ̀." Mo mọ̀ pé owó iṣẹ́ ló ń bà wọ́n lẹ́rù nígbà mìíràn, n kò sì lè bá wọn wí. Síbẹ̀, ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ gan-an ni àyà mi máa ń já fún jù, nítorí òun ló máa ń yára sọ̀rọ̀, pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé òótọ́ kò ní ṣàì gba òun sílẹ̀. Ìwé tí wọ́n bá kọ lórúkọ rẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀ tí wọ́n mú un ni agbẹjọ́rò ìjọba yóò fà yọ níwájú adájọ́ lẹ́yìn ọdún bíi méjì tàbí mẹ́ta. Bí ó bá di ìgbà yẹn kí n tó dìde dúró nínú ẹ̀wù dúdú mi, ibi tí mo ti lè wúlò fún un jù ti kọjá.

Ìwé òfin Nàìjíríà ti ọdún 1999 kò fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Abala 35, ẹsẹ kejì, sọ pé ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá mú tàbí tí wọ́n bá tì mọ́lé ní ẹ̀tọ́ láti dákẹ́, tàbí láti má dáhùn ìbéèrè kankan, títí di ìgbà tí ó bá ti fọ̀rọ̀ lọ agbẹjọ́rò tàbí ẹlòmíràn tí òun fúnra rẹ̀ bá yàn. Ẹsẹ kẹta fi kún un pé láàárín wákàtí 24, kí wọ́n fún un ní ìwé tí ó sọ ìdí tí wọ́n fi mú un, ní èdè tí ó gbọ́. Nígbà tí Òfin Ìṣàkóso Ìdájọ́ Ìwà Ọ̀daràn, èyí tí àwa agbẹjọ́rò ń pè ní ACJA, jáde ní ọdún 2015, abala kẹfà rẹ̀ gbé ẹrù náà lé ọlọ́pàá lórí: òun ni kí ó la afurasí lọ́yẹ̀ pé ó lè dákẹ́, pé ó lè rí agbẹjọ́rò kí ó tó sọ ohunkóhun sílẹ̀, àti pé bí kò bá lówó, Legal Aid Council lè pèsè agbẹjọ́rò fún un lọ́fẹ̀ẹ́. Nínú àwọn tí mo ti lọ bá ní àtìmọ́lé, ìwọ̀nba ni àwọn tí ẹnikẹ́ni sọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fún.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ìwé tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ẹnu afurasí sí fún ẹni tí kò rí i rí. Lókè pátápátá ni wọ́n ń kọ orúkọ, ọjọ́ orí, ẹ̀yà, ẹ̀sìn, iṣẹ́ àti àdírẹ́sì sí. Lábẹ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ máa ń wà ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, pé kò di dandan kí ẹ sọ ohunkóhun àyàfi bí ó bá wù yín, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí ẹ bá sọ, a ó kọ ọ́ sílẹ̀, a sì lè fi ṣe ẹ̀rí. Nínú ọ̀pọ̀ èyí tí mo ti kà, ọ̀rọ̀ ìkìlọ̀ náà kò mẹ́nu ba agbẹjọ́rò rárá. Afurasí yóò fọwọ́ sí ibẹ̀, tàbí kí ó tẹ̀ka sí i bí kò bá mọ̀wé, kí ó tó sọ gbólóhùn kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ni yóò máa sọ̀rọ̀ ní Yorùbá, tí ọlọ́pàá tí ẹjọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹni tí wọ́n ń pè ní IPO, yóò sì máa kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń tún fóònù ṣe sọ fún mi pé òun ra fóònù kan lọ́wọ́ oníbàárà òun, pé òun kò sì mọ̀ pé wọ́n jí i ni. Ohun tí mo bá nínú ìwé ni pé ó ra fóònù tí wọ́n jí. Irọ́ kọ́ ni gbólóhùn yẹn tí a bá wò ó dáadáa, nítorí wọ́n jí fóònù náà lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìmọ̀ tí ó jẹ́ gbogbo àwíjàre rẹ̀ ti bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí ẹnì kan tí ó gbọ́ èdè méjèèjì bá jókòó tì í, ìṣẹ́jú kan ni ìbá gbà láti sọ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ó ní òun ò mọ̀, ẹ bá wa kọ ọ́ síbẹ̀." Ní ilé ẹjọ́, àtúnṣe kan náà lè gba oṣù púpọ̀. Òfin 2015 yìí tilẹ̀ sọ pé bí afurasí kò bá gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, kí wọ́n wá ògbufọ̀ fún un, ṣùgbọ́n IPO fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń ṣe ògbufọ̀.

Abala 17 òfin 2015 náà, ẹsẹ kejì, ni ó sọ ẹni tí ó lè wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀: agbẹjọ́rò tí afurasí yàn, bí kò bá sí, òṣìṣẹ́ Legal Aid Council, tàbí aṣojú ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́, tàbí JP (Justice of the Peace, ẹni iyì tí ìjọba fún ní àṣẹ díẹ̀ bíi ti adájọ́), tàbí ẹlòmíràn tí ó bá wù ú. Abala 15 sì sọ pé a lè ká ìjẹ́wọ́ sórí fídíò. Nítorí pé "lè" ni òfin lò, ọ̀pọ̀ ọdún ni àwa agbẹjọ́rò fi ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wa lọ́wọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn pàápàá kò fẹnu kò. Ọdún 2024 ni Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ yanjú rẹ̀, nínú ẹjọ́ tí ìjọba àpapọ̀ bá Akaeze ṣe, pé dandan ni. Ìpínlẹ̀ Èkó ti ṣe tirẹ̀ ṣáájú: òfin wọn ti ọdún 2007, tí wọ́n tún ṣe ní 2011, béèrè pé kí ìjẹ́wọ́ wà lórí fídíò tàbí kí wọ́n kọ ọ́ lójú agbẹjọ́rò. Gbogbo ìpínlẹ̀ Yorùbá yòókù náà ti ní òfin tiwọn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí, nítorí wọ́n ti sọ ọ́ sí mi létí: pé olè là ń dáàbò bò, pé bí lọ́yà bá ti dé, olè yóò gbé ẹnu dákẹ́. N kò ní jiyàn pé kò rí bẹ́ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀rọ̀ ṣe ń lọ ní ilé ẹjọ́. Òfin Ẹ̀rí ti ọdún 2011, abala 29, sọ pé ìjẹ́wọ́ tí wọ́n fi ìnilára gbà kò ṣe é gbà wọlé, agbẹjọ́rò ìjọba ni yóò sì fi hàn pé wọn kò fipá gbà á. Bí olùjẹ́jọ́ bá ti ní wọ́n lu òun kí òun tó fọwọ́ sí i, adájọ́ yóò dá ẹjọ́ gidi dúró, yóò sì gbọ́ ẹjọ́ mìíràn nínú rẹ̀, lórí ìwé náà nìkan: IPO yóò wá búra, olùjẹ́jọ́ náà yóò búra, kò sì sí ẹlòmíràn tí ó wà nínú yàrá lọ́jọ́ náà tí yóò bá adájọ́ dá sí i. Ọ̀daràn gidi ti gba ibẹ̀ jáde rí. Nítorí náà, lójú tèmi, ọlọ́pàá tí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀ ló yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè pé, "Lọ́yà rẹ dà?"

Ohun tí ó ń ṣẹlẹ̀ ní téṣàn yàtọ̀. Ọlọ́pàá tí ó wà ní káńtà kan ti sọ fún mi rí pé ilé ẹjọ́ ni iṣẹ́ lọ́yà wà, kí n lọ dúró sábẹ́ igi níta. Kí n má sì purọ́, àwa náà ní ẹ̀bi tiwa, nítorí àwọn kan nínú wa wà tí wọn kì í dé téṣàn àfi láti bá wọn dúnàádúrà owó béèlì, béèlì tí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ọ̀fẹ́ ni, tí wọn kò sì ní béèrè ìwé tí oníbàárà wọn ti fọwọ́ sí. Iṣẹ́ agbẹjọ́rò níbẹ̀ kì í ṣe láti fẹnu ara rẹ̀ dáhùn. Òfin 2015 náà kìlọ̀ pé kí ó má dá afurasí lẹ́nu àyàfi bí iṣẹ́ rẹ̀ bá béèrè bẹ́ẹ̀. Kí ó jókòó, kí ó gbọ́, kí ó rí i pé wọ́n ka ìwé náà padà fún un ní èdè rẹ̀, kí wọ́n sì kọ àkókò tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí wọ́n parí.

Ní ti ẹni tí kò lówó, Legal Aid Council ti wà láti ọdún 1976, ìjọba Èkó sì ní Office of the Public Defender. Ní ọdún 2017, ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ṣe ìlànà kan tí wọ́n pè ní Force Order 20, kí àwọn agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ lè máa wọ téṣàn láti ran afurasí lọ́wọ́. Ìlànà tó dára ni, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n mú ní ìlú kékeré ní alẹ́ Sátidé kò ní rí wọn kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ "ẹlòmíràn tí ó bá yàn" yẹn. Ẹ̀gbọ́n yín tí ó mọ̀wé, olùkọ́, pásítọ̀ tàbí lèmọ́ọ̀mù àdúgbò, òfin gbà á. Ẹ sọ ọ́ pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí agídí kò wúlò ní ibi tí ìbọn wà: "Ọ̀gá, mi ò ní mi ò sọ̀rọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi dé ná." Kí ó tó dé, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan bí agbára yín bá ká a.

Àwọn ará wa tí wọ́n wà ní ìlú Ọba, ẹ má fi ìmọ̀ràn yìí ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún bí ó ṣe wà. Ní England, òfin ọdún 1984 fún afurasí ní agbẹjọ́rò ọ̀fẹ́ ní téṣàn, ì báà jẹ́ olówó, ṣùgbọ́n òfin ọdún 1994 gba ilé ẹjọ́ láyè láti fura sí ẹni tí ó dákẹ́ tán tí ó wá mú àwíjàre tuntun wá. Ẹ bi lọ́yà ibẹ̀ léèrè kí ẹ tó pinnu láti dákẹ́.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé wọ́n ti gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀ lẹ́nu ẹni yín kí ẹ tó débẹ̀, ẹ wádìí lọ́wọ́ rẹ̀ ní wéré: aago mélòó ni, ta ni ó wà nínú yàrá, ṣé wọ́n kà á padà fún un, ṣé ó béèrè ẹnikẹ́ni tí wọ́n kọ̀ fún un. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì fún agbẹjọ́rò tí yóò gba ẹjọ́ náà kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀, nítorí ìgbà tí agbẹjọ́rò ìjọba bá na ìwé náà sí adájọ́ ni a gbọ́dọ̀ takò ó. Bí a bá dákẹ́ lọ́jọ́ náà tí adájọ́ gbà á wọlé, ó ṣòro gan-an kí a tó lè yọ ọ́ kúrò mọ́, ìbáà jẹ́ ní ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn.