Ẹ yẹ omi wò kí ẹ tó ra oògùn: ọ̀rọ̀ fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sin ẹja àrọ̀

Ẹ̀yin àbúrò wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba adágún ní Èrìwé, àti ẹ̀yin tí ẹ mọ tánkì kọnkéré sí ẹ̀yìnkùlé ní Ṣàgámù tàbí Ìkẹ́nnẹ́, omi ló ń pa ẹja àrọ̀ jù. Ẹ̀yìn omi burúkú ni àrùn sábà máa ń gbà wọlé. Bí ẹja bá kọ oúnjẹ láàárọ̀, ẹ má tíì sáré lọ bá onísọ́ọ̀bù oògùn.

Àrọ̀ máa ń yọ orí sókè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan láti mí, ìyẹn kì í ṣe àìsàn. Èyí tó yẹ kó bà yín lẹ́rù ni kí wọ́n dúró lóòró, orí lókè, ìrù nísàlẹ̀, kí ẹ janlẹ̀ gìdìgìdì kí wọ́n má sá. Ẹ fi àwọ̀n gbé ọ̀kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣàárẹ̀. Èyí tó ti kú kò wúlò, nítorí àwọ̀ rẹ̀ ti yí padà. Ẹ ṣí ìbòrí ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀, kí ẹ wo ẹran tó fi ń mí níbẹ̀. Ó yẹ kó pupa yòò. Bó bá dà bí àwọ̀ ṣokoléètì, nítíráìtì, májèlé tí amóníà inú ìgbẹ́ ẹja máa ń dà nínú omi, ti wọ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ náà ò sì lè gbé afẹ́fẹ́ mọ́.

Lẹ́yìn náà, ẹ wọn amóníà (ohun tó ń jáde láti ara ẹja, ìgbẹ́ àti oúnjẹ jíjẹrà), nítíráìtì àti pH (ìwọ̀n bí omi ṣe kan tó: bó bá ṣe ga tó ni kíkan rẹ̀ ṣe dín kù tó). Ẹ wọn wọ́n láàárọ̀, kí ẹ tún wọ̀n wọ́n ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, pàápàá bí omi yín bá ti di àwọ̀ ewé, torí oòrùn máa ń gbé pH irú omi bẹ́ẹ̀ sókè. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń kó sí wàhálà. Nínú omi tó gbóná tó 28°C, bí pH bá jẹ́ 7, ohun tó jẹ́ májèlé nínú amóníà kò tó 1%. Bó bá di 8, ó ti tó bíi 6 sí 7%. Ní 9, ó súnmọ́ 40%. Amóníà kan náà tí ẹja fara dà láàárọ̀ lè pa á lọ́sàn-án. Ìdí nìyẹn tí ẹ ò gbọdọ̀ da láìmù (ẹ̀tù funfun tí wọ́n ń dà sí adágún, kì í ṣe èso) sí omi tí amóníà ti pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí láìmù ń gbé pH sókè. Símẹ́ńtì tánkì tuntun náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ rọ omi kún un, kí ẹ dà á nù, kí ẹ tún un ṣe títí pH yóò fi balẹ̀, kí ẹ tó kó ọmọ ẹja sí i.

Bí omi bá ti bàjẹ́, ẹ dá oúnjẹ dúró fún wákàtí 24. Ẹ fa omi ìsàlẹ̀, níbi tí ìgbẹ́ àti oúnjẹ jíjẹrà wà, láti ìdá kan nínú mẹ́ta dé ìdajì, kí ẹ rọra rọ omi tuntun. Lọ́jọ́ kejì, ẹ tún ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ má pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ẹja tó ti rẹ̀ kì í fara da ìyípadà òjijì.

Fún nítíráìtì, iyọ̀ ni. Kílò 1 fún 1,000 lítà tó. Tánkì mítà 3 sí 2, tí omi rẹ̀ ga tó mítà 0.8, gba 4,800 lítà, nítorí náà kílò 4.8. Ẹ pò ó nínú bọ́kẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó dà á káàkiri. Iyọ̀ kì í bá ooru lọ: bí ẹ bá pààrọ̀ ìdajì omi, ìdajì iyọ̀ péré ni kí ẹ fi kún un. Kò sì lè lé amóníà. Omi tuntun àti oúnjẹ díẹ̀ ló ń ṣe ìyẹn.

Ẹja tó bá ń fara ha ògiri, kòkòrò ló sábà máa ń jẹ́, bí omi bá ti dára. Ẹ pò 200 gíráàmù iyọ̀ sínú 20 lítà, kí ẹ fi ẹja náà síbẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì dúró tì í. Bó bá yí inú sókè, ẹ gbé e kúrò lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.

Orí tó bá là yàtọ̀ pátápátá. Àìtó fítámì C ni ó sábà máa ń fà á, ó sì máa ń wá látinú oúnjẹ tó ti pẹ́ nínú yàrá gbígbóná. Ẹ ra tuntun díẹ̀díẹ̀.

Egbò, ara tó ń ṣẹ̀jẹ̀ tàbí ikùn wíwú, ẹ pe dókítà ẹranko. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tú kápúsù tí a ń lò fún ènìyàn sínú omi. Ẹni tó bá jẹ ẹja náà lè jẹ oògùn mọ́ ọn, oògùn náà á sì mọ́ kòkòrò àrùn lára tí kò fi ní lè pa á mọ́.

Bí wọ́n bá ti gbádùn, ìdá kan nínú mẹ́ta oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fún wọn. Ohun tí wọn ò bá jẹ tán ní ìṣẹ́jú 15, ẹ kó o jáde. Nígbà ọyẹ́, oúnjẹ náà gbọ́dọ̀ dín kù, torí òtútù kì í jẹ́ kí wọ́n jẹun tó. Àwọ̀n tí aládùúgbò bá yá yín, ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sá a sóòrùn kó gbẹ gidi kó tó kan omi yín.