Àyẹ̀wò ọdún mi: orúkọ méjìlá tó wà nínú ìwé

Bí ọdún yìí ti ń kógbá wọlé, iṣẹ́ kan ṣoṣo ni ọkàn mi ń padà sí nínú gbogbo ohun tí ẹgbẹ́ aláàánú wa ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìyẹn àyẹ̀wò ojú ọ̀fẹ́ tí a ṣe ní Tákié. A pín ìwé fún àwọn ọmọ iléèwé, a sì kó pàǹtí kúrò nínú gọ́tà kí òjò tó dé. Ìyẹn lọ bó ṣe yẹ.

Èmi ni mo jókòó ti àwọn àgbàlagbà tí kò mọ̀wé kà lọ́jọ́ náà. Òwú àti abẹ́rẹ́ ni a fi ń dán awò ojú wò fún wọn. Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ láfún fi itọ́ pọ́n ẹnu òwú, ó wá ojú abẹ́rẹ́ títí, kò rí i. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pààrọ̀ awò fún un kí òwú tó wọlé. Kò pariwo ayọ̀ rárá. Ó tú owó tó so mọ́ etí ìró rẹ̀, ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó wá ní, "Ọmọ mi, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń fi igba náírà san ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta fún mi."

Ṣùgbọ́n bàbá kan wà tí funfun ti bo ẹyinjú ọ̀tún rẹ̀. Awò kò ran irú èyí, àfi kí dókítà ṣe iṣẹ́ abẹ. A kọ orúkọ rẹ̀ àti ti àwọn mọ́kànlá mìíràn sílẹ̀, a sì ṣèlérí pé oṣù náà kò ní í parí kí a tó padà wá. Oṣù márùn-ún kọjá kí n tó ṣí ìwé náà. Nígbà tí mo dé ilé rẹ̀, ti òsì náà ti ń funfun, ohùn mi ni ó fi dá mi mọ̀. Ó ní, "Ṣé ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ẹ ń padà bọ̀ nìyẹn?" Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí dọ́kàn.

Ní 1985 tí ẹgbẹ́ Rotary gbé ìjà àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kalẹ̀ káàkiri ayé, wọn kò kán oògùn sí ọmọ lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n máa lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àti àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ń kan ilẹ̀kùn kan náà léraléra, wọ́n ń fi yíǹkì sàmì sí ìka ọmọ, wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ nǹkan sára ilé, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè mọ ibi tó kù. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe é títí di 25 oṣù kẹjọ, 2020, tí wọ́n kéde pé ilẹ̀ Áfíríkà ti bọ́ lọ́wọ́ fáírọ́ọ̀sì àrùn náà tí ń jà káàkiri láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ìpàdé wa tó kọjá, mo bẹ̀bẹ̀ kí owó àsè ìparí ọdún di ti iṣẹ́ abẹ. Ìdajì ni wọ́n gbà. Wọ́n ti dá ọjọ́ fún bàbá náà àti àwọn mẹ́ta mìíràn ní oṣù kìíní. Ọ̀dọ̀ mi ni ìwé náà wà báyìí, orúkọ mẹ́jọ ni n kò tíì fàmì sí.