Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nípa yíya fọ́tò Palio àti castells nínú oṣù Kẹjọ kan ṣoṣo

Bí ẹ bá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré láti fi ya fọ́tò ní Yúróòpù lásìkò ooru, ẹ má fi sáré kiri ìlú mẹ́wàá. Ìlú méjì tó: Siena ní Ítálì, níbi tí wọ́n ti ń sá eré ẹṣin tí wọ́n ń pè ní Palio, àti Vilafranca del Penedès ní Catalonia, lórílẹ̀-èdè Sípéènì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ castells, ilé gogoro tí wọ́n fi èèyàn kọ́. Ẹ wọ Siena ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ, kí ẹ kúrò ní Vilafranca ní ọjọ́ 31. Ẹ̀kọ́ tó wọ̀ mí lára jù nídìí iṣẹ́ yìí ni pé ọjọ́ àjọ̀dún gan-an kọ́ ló máa ń mú fọ́tò tó dára jù wá. Àwọn ọjọ́ tó ṣáájú rẹ̀ ni, nígbà tí èrò kò tíì dé, tí onílé ṣì ráyè bá àlejò sọ̀rọ̀.

Ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ físà kúrò nílẹ̀. Físà Schengen kan ṣoṣo ló máa gbé yín wọ orílẹ̀-èdè méjèèjì, àmọ́ ẹ ò gbọdọ̀ lò ju ọjọ́ 90 lọ láàárín ọjọ́ 180. Ẹ lè fi ìwé sílẹ̀ láti oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò. Ó pẹ́ tán, kó ku ọjọ́ 15. Yúrò 90 ni owó rẹ̀ fún àgbàlagbà, ìbánigbófò ìrìn-àjò yín sì gbọ́dọ̀ tó 30,000 yúrò. Ilé-iṣẹ́ aṣojú orílẹ̀-èdè tí ẹ máa pẹ́ sí jù ni ẹ máa bá sọ̀rọ̀. Bí ọjọ́ bá dọ́gba, èyí tí ẹ máa kọ́kọ́ wọ̀ ni. Ẹ̀yin ará wa tó ń gbé London tí ẹ ṣì ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ìwé ìgbélùú Britain kò rọ́pò físà yìí o. Ibẹ̀ ni ètò àwọn ọ̀rẹ́ ti sábà máa ń fọ́: ẹni méjì nínú wọn kò nílò físà, wọ́n á ti ra tíkẹ́ẹ̀tì tán kí wọ́n tó bi ẹni kẹta léèrè.

Ní Siena, ọjọ́ 2 oṣù Keje àti ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ni wọ́n ń sá Palio, eré ẹṣin tí wọ́n ń sá yí gbàgede Piazza del Campo ká. Àdúgbò 17 ló pín ìlú náà láàárín ara wọn, contrada ni wọ́n ń pè é, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní àsíá, àwọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì àti orúkọ tirẹ̀. Ìgbín ni Chiocciola, ahun ni Tartuca, òòrẹ̀ ni Istrice, abo ìkookò ni Lupa. Ìgbín àti ahun kò rẹ́, bẹ́ẹ̀ ni òòrẹ̀ àti ìkookò. Ẹ má ra ìborùn àdúgbò kan kí ẹ so ó mọ́rùn wọ àdúgbò ọ̀tá rẹ̀. Bí aṣọ ẹgbẹ́ ni ìborùn yẹn rí fún wọn, kì í ṣe ohun ọ̀ṣọ́ àlejò. Ẹ wọ aṣọ tí kò lámì kankan.

Ẹṣin mẹ́wàá péré ló ń sá: àdúgbò méje tí kò sá irú eré bẹ́ẹ̀ lọ́dún tó kọjá, àti mẹ́ta tí wọ́n fi ìbò mú. Wọ́n á yí pápá ká lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó ti parí ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àbọ̀. Ẹ rò ó wò: ìṣẹ́jú kan àbọ̀ fún ìrìn-àjò tó ná yín lówó tó báyẹn! Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ tètè dé. Ọjọ́ 13, láàárọ̀, ni wọ́n ń fi ìbò pín ẹṣin fún àwọn àdúgbò; ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ìdánrawò àkọ́kọ́. Ìdánrawò mẹ́fà ló wà, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, èyí tó kẹ́yìn bọ́ sí àárọ̀ ọjọ́ 16. Pápá kan náà ni, ẹṣin kan náà ni, èrò ló dín. Níbẹ̀ ni kí ẹ ti kọ́ kọ̀rọ̀ méjèèjì: San Martino, tó dà gẹ̀rẹ̀ wálẹ̀, tí wọ́n ń to mátírẹ́ẹ̀sì sí ògiri rẹ̀ nítorí àwọn tó máa ṣubú, àti Casato, tó ń gun òkè.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ 15, lẹ́yìn ìdánrawò, àwọn àdúgbò tó máa sá á to tábìlì sójú títì jẹun pọ̀. Àwọn kan ń ta tíkẹ́ẹ̀tì oúnjẹ náà fún àlejò. Ẹ lọ bèèrè ní ilé ẹgbẹ́ àdúgbò náà ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú. Bí mo bá ní kí n mú ibì kan ṣoṣo, oúnjẹ yìí ni màá mú, kì í ṣe eré fúnra rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ 16, wọ́n á fa ẹṣin wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò kí àlùfáà lè bù kún un. “Vai e torna vincitore” ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn: lọ, kí o ṣẹ́gun bọ̀. Ṣọ́ọ̀ṣì náà kéré, ó ṣókùnkùn, gbogbo èèyàn ló sì dákẹ́ kí ẹṣin má baà ta gìrì. Ẹ pa ohùn kámẹ́rà pátápátá, ẹ má tan fíláàṣì rárá. Nítorí òkùnkùn ibẹ̀, ẹ lo lẹ́ńsì tó ń ṣí gbooro (f/1.8 tàbí f/2), ISO 6400 (bí kámẹ́rà ṣe ń gba ìmọ́lẹ̀ tó), ṣọ́tà 1/200 (ìdá ìṣẹ́jú-àáyá tí ojú kámẹ́rà fi ń ṣí).

Àárín gbàgede jẹ́ ọ̀fẹ́, orí ìdúró ni. Ẹni tó bá fẹ́ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi ọgbà gbọ́dọ̀ ti wọlé ní kùtùkùtù ọ̀sán. Kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sí ibòji, bí wọ́n bá sì ti ti ọ̀nà, kò sẹ́ni tó ń jáde títí eré á fi parí. Ẹ mú omi àti fìlà dání. Ẹni tí kò bá lè dúró fún wákàtí márùn-ún, kó dúró sí ojú ọ̀nà tí ẹṣin ń gbà kúrò ní àdúgbò rẹ̀. Fọ́tò tó dára wà níbẹ̀ náà.

Ibi ìbẹ̀rẹ̀ eré ló ń da ọ̀pọ̀ onífọ́tò láàmú. Okùn méjì ni wọ́n nà, ẹṣin mẹ́sàn-án á tò sáàárín wọn. Ẹ̀kẹwàá, rincorsa, á dúró sẹ́yìn. Ìgbà tó bá wù ú ni yóò sáré wọlé, ìgbà yẹn ni okùn iwájú á jábọ́. Nítorí náà, ẹ̀kẹwàá yẹn ni kí ẹ tẹ ojú mọ́. Àwọn mẹ́sàn-án lè máa tì ara wọn fún ọ̀pọ̀ ìṣẹ́jú, kí wọ́n tú wọn ká, kí wọ́n tún tò. Bí ẹ bá ń tẹ kámẹ́rà gbàràrà ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá mira, àyè ìpamọ́ rẹ̀ á kún, ó sì máa dákẹ́ lọ́wọ́ yín nígbà tí okùn bá já lóòótọ́.

Fún eré náà fúnra rẹ̀, ẹ lo ṣọ́tà 1/1600, f/4, ISO aládàáṣe tí kò kọjá 6400, kí ẹ sì jẹ́ kí ojú kámẹ́rà máa tọ ẹṣin lẹ́yìn bó ṣe ń sá. Nírọ̀lẹ́, òjìji ilé á ti bo apá tó pọ̀ lára pápá, nígbà tí oòrùn ṣì wà lára ilé ìṣọ́ gíga. Bí kámẹ́rà bá fi ìmọ́lẹ̀ òkè ṣe ìwọ̀n, ẹṣin á dúdú. Ẹ ti wọn ìmọ́lẹ̀ inú òjìji sílẹ̀ nígbà ìdánrawò. Ẹ má sì pààrọ̀ lẹ́ńsì nínú gbàgede, nítorí iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n dà sílẹ̀ fún ẹṣin a máa fò. Kí ọ̀rẹ́ kan mú lẹ́ńsì 24-70 mm fún ohun tó wà nítòsí, kí èkejì mú 70-200 mm fún ohun tó jìnnà, kí ẹ pín fọ́tò lálẹ́.

Castells yàtọ̀. Ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ, ọjọ́ Sant Fèlix, ní ọ̀sán gangan, ẹgbẹ́ mẹ́rin á fi èèyàn kọ́ ilé gogoro níwájú gbọ̀ngàn ìlú Vilafranca. UNESCO ti kọ àṣà yìí sínú ìwé rẹ̀ láti ọdún 2010. Ẹgbẹ́ ìlú náà fúnra wọn ló ń wọ ṣẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ewé. Bí ẹ bá gbọ́ “3 de 9 amb folre”, èèyàn mẹ́ta ní àjà kọ̀ọ̀kan àyàfi àwọn àjà òkè pátápátá, àjà mẹ́sàn-án, pẹ̀lú ìpìlẹ̀ kejì tó jókòó lórí ti àkọ́kọ́. Ọmọdé tó gun òkè pátápátá, enxaneta, á na ọwọ́ sókè lẹ́ẹ̀kan, á sì máa sọ̀ kalẹ̀. Ẹ má sọ kámẹ́rà kalẹ̀ nígbà yẹn. Ọwọ́ nínà kò tíì parí iṣẹ́. Ó dìgbà tí gbogbo wọn bá sọ̀ kalẹ̀ láìṣubú kí ó tó pé. Bí ó bá wó, ẹ dúró síbi tí ẹ wà kí àwọn oníwòsàn lè ríbi kọjá, ẹ má sì gbé fọ́tò ọmọ tó ṣubú sórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Láti ìsàlẹ̀, ẹ ò ní rí ojú ọmọ náà. Ẹ kúkú ya ìpìlẹ̀, pinya: apá lórí apá, ọwọ́ lórí ọrùn ọwọ́, orí tí wọ́n tẹ̀ wálẹ̀. Àwọn tó wà nísàlẹ̀ kò rí ohun tó ń lọ lókè. Fèrè gralla ló ń sọ fún wọn ibi tí iṣẹ́ dé. Ṣáájú ìyẹn, ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń di ọ̀já dúdú mọ́ ìbàdí. Ẹnì kan á di etí rẹ̀ mú kó le, ẹnì kejì á máa yí ara rẹ̀ bí òkòtó wọ inú rẹ̀ títí yóò fi dì í gbagidi. Ọ̀já yẹn ló ń gbé ẹ̀yìn ró, òun náà sì ni àwọn agùnlé ń fi ẹsẹ̀ lásán tẹ̀ gòkè. Ẹ sún mọ́ ọn, kí ẹ lo 35 mm.

Sòkòtò funfun lábẹ́ oòrùn ọ̀sán máa ń jóná nínú fọ́tò. Ẹ fi ìtúnṣe ìmọ́lẹ̀ kámẹ́rà sí -2/3, ẹ yà á ní RAW, irú fáìlì tó fi àyè sílẹ̀ fún àtúnṣe lẹ́yìn náà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ wá ti pinya lẹ́yìn, ẹ gbé kámẹ́rà fún ọ̀rẹ́ yín, ẹ bọ́ awò ojú àti aago ọwọ́, ẹ tẹ orí ba, ẹ má wòkè.

Lálẹ́, ẹ ṣe ẹ̀dà fọ́tò méjì sínú báàgì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Bátìrì ìpààrọ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ ẹrù tí wọ́n ń gbé sísàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Ọwọ́ ni ẹ máa gbé e, kí ẹ fi téèpù bo ojú irin rẹ̀. Kí ẹ tó gbé fọ́tò ọmọ ẹlòmíràn sójú táyé, ẹ béèrè lọ́wọ́ òbí rẹ̀, kí ẹ gba nọ́mbà WhatsApp wọn níbẹ̀, kí ẹ sì fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí wọn kí ẹ tó kúrò ní ìlú.