Ìṣòro Ló Yẹ Kó Kọ́kọ́ Dé

Ọjọ́rú. Láàárọ̀ yìí ní Bódìjà, èmi àti àbúrò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa ní ọ́fíìsì jókòó ti kóòdù tó kọ fún oníbàárà kan tó ń ta oúnjẹ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iṣẹ́ kóòdù náà kò ju kó ṣírò owó ìgbéránṣẹ́ lọ: iye kan fún ìgboro Ìbàdàn, iye mìíràn fún ẹ̀yìn odi. Strategy ló fi kọ ọ́, ìyẹn pattern (ojútùú tó ti wà nílẹ̀ fún ìṣòro tó wọ́pọ̀ nínú kíkọ kóòdù) tó ń ya ọ̀nà ìṣírò kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ kó lè rọrùn láti pààrọ̀ wọn. Ó tún wá fi Factory, pattern tó ń ṣètò èyí tí wọ́n máa lò, lé e lórí. Mo ṣí fáìlì títí kí n tó bá ibi tí ìṣírò gan-an wà.

Mo bi í pé kí ló ń yí padà níbẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, kò tíì sí o, àmọ́ ó lè yí padà tó bá yá."

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ka pattern 23 tí Gamma, Helm, Johnson àti Vlissides kó jọ sínú ìwé ní 1994, ọwọ́ á máa yún un láti lò wọ́n. Ṣùgbọ́n èdè kọ̀ǹpútà C++ àti Smalltalk ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ wọn. Ohun tó gba odidi kíláàsì (àkójọ dátà àti iṣẹ́ tó ń lò ó) nígbà náà, fọ́ńṣọ̀n lásán, ìyẹn ègé kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan, ló ń ṣe é ní èdè Python. Èdè Java pàápàá ti gba lambda, ìyẹn fọ́ńṣọ̀n tí kò ní orúkọ, láti 2014.

Ọ̀dọ̀ àwọn ayàwòrán ilé ni èrò pattern ti wá, Christopher Alexander àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ní 1977. Nínú iṣẹ́ tiwọn, ìṣòro tó ń ṣẹlẹ̀ léraléra ni wọ́n kọ́kọ́ ń sọ, kí ojútùú tó tẹ̀lé e. Mo ń rí èyí nínú àwọn agbo ilé àtijọ́ nílùú wa. Àgbàlá àárín wọn ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ àti atẹ́gùn wọlé, ibẹ̀ náà ni tẹbí-tará ti ń pàdé. Ẹni tó ń gbé yàrá kan ṣoṣo, kí ló fẹ́ fi àgbàlá ṣe?

Mi ò kórìíra pattern o. Ilé-iṣẹ́ tó ń bá wa gba owó oníbàárà ju ẹyọ kan lọ, èsì tí oníkálukú ń dá padà ò sì jọra, ìdí nìyẹn tá a fi lo Adapter, pattern tó ń sọ èsì oríṣiríṣi di irú kan náà. Nígbà tí ọ̀kan nínú wọn pààrọ̀ API rẹ̀ (ọ̀nà tí kóòdù wa ń gbà bá tiwọn sọ̀rọ̀), fáìlì kan ṣoṣo la fọwọ́ kàn. Mo fi fáìlì ọ̀hún han àbúrò mi. Bí mo ṣe pe orúkọ Adapter báyìí, ó ti mọ ohun tí mò ń sọ.

A yọ Factory àti Strategy kúrò. Fọ́ńṣọ̀n kan tó ní if kan (ìlà tó ń yan láàárín iye méjèèjì) ló kù, gbogbo test tá a fi ń yẹ kóòdù wò sì yege. Oníbàárà ti ń sọ pé òun fẹ́ máa gbé oúnjẹ dé Ọ̀yọ́, pé owó tibẹ̀ á máa tẹ̀lé ìwúwo ẹrù. Mo ti sọ fún àbúrò mi pé tíyẹn bá dé, òun ni kó kọ ọ́, kó sì dá Strategy rẹ̀ padà bó bá rí i pé iṣẹ́ náà ń béèrè fún un.